Sáfà olórí méjì: èwo ni ká rà, èwo ni ká fò, tí owó ò bá pọ̀

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ ọjọ́ kan ni Àlájì kan tó ní ibùdó ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ní Tanke, Ilorin, gbé ọ̀rá kékeré kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Prósẹ́sọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi fóòmù wé wọn. Ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ra ọpọlọ sáfà yẹn. Méjì ni, mo sì rí i ní ọ̀pọ̀. Ó kù kí ẹ bá mi wá ara tí a ó kó o sí."

Mo fi òwú nu òdà gbígbẹ tó wà lójú ọ̀kan, mo gbé e súnmọ́ iná, mo ka ohun tí wọ́n fín sí i lórí: E5-1650 v2. Mo nu ìkejì, ọ̀kan náà ni. Mo ní, "Àlájì, ẹ jókòó ná. Àwọn méjèèjì dára, àmọ́ wọn ò lè gbé ilé kan náà."

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ to sáfà olórí méjì (kọ̀ǹpútà oníprósẹ́sọ̀ méjì tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà míì) fúnra rẹ̀ ló ń ṣe bíi ti Àlájì. Prósẹ́sọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń rà, bí ẹni tó ra fìlà kó tó mọ irú agbádá tí yóò rán. Bẹ́ẹ̀, nínú ọjà tòkunbọ̀, prósẹ́sọ̀ ló rọjú jù. Bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ ń jókòó lé, lè gba owó ju prósẹ́sọ̀ méjèèjì lọ, iná tí ẹ̀rọ náà á máa jẹ lóṣooṣù sì lè ga ju owó bọ́ọ̀dù náà lọ kí ọdún tó yípo. Èmi kì í tò ó bí ọjà ṣe ń tò ó. Iná ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn rẹ̀ RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́), prósẹ́sọ̀ á wá tẹ̀ lé wọn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ nọ́ńbà kà, kí ẹlòmíì má baà gbé ọ̀rá wá bíi ti Àlájì.

Nọ́ńbà ara prósẹ́sọ̀

E5 jẹ́ ìdílé kan nínú Xeon, prósẹ́sọ̀ tí iléeṣẹ́ Intel ń ṣe fún sáfà. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn E5 ni kí ẹ wò. Tó bá jẹ́ 1, bíi E5-1620 tàbí E5-1650, àdágbé ni. Kò ní okùn QPI tí prósẹ́sọ̀ méjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kò sì sí bọ́ọ̀dù tó lè bá a wá a. 2 ni ti bọ́ọ̀dù olórí méjì. 4 lè wọ bọ́ọ̀dù olórí mẹ́rin. Ohun tó wà ní ìparí, v2, v3 tàbí v4, ni ìran tó ti wá. Tí L bá wà lẹ́yìn nọ́ńbà, wọ́n ṣe é kó má fa iná púpọ̀. Tó bá jẹ́ W, ti wọkisítéṣọ̀n ni, kò sì bìkítà fún iná ẹnikẹ́ni.

Àwọn méjì tí ẹ máa rà gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà kan náà. E5-2680 v4 àti E5-2690 v4 kì í ṣe ìbejì, bí wọ́n tilẹ̀ jọra lójú. Ẹ tún wo kóòdù kékeré tó wà nísàlẹ̀. Èyí tó fi SR bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tà fún aráyé. Tí ẹ bá rí Q, tí wọ́n sì kọ "Intel Confidential" sí i, àwòṣe tí iléeṣẹ́ fi ń dán nǹkan wò ni. Ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ṣé méjì tilẹ̀ lẹ nílò?

Ìbéèrè tí ẹni tó fẹ́ tajà kì í bèèrè nìyí. E5-2680 v4 kan ṣoṣo ní core 14 (core ni ọpọlọ kékeré inú prósẹ́sọ̀ tó ń dá ṣiṣẹ́), ó sì ń jẹ wáàtì 120 tó bá ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan. E5-2650 v2 méjì ní core 16 lápapọ̀, wáàtì wọn jẹ́ 190. Core méjì péré ni èyí fi ju tọ̀hún lọ, wáàtì 70 sì lẹ máa san lé e. Tó bá jẹ́ torí iye core nìkan lẹ ṣe fẹ́ méjì, ẹ ra ọ̀kan tó jẹ́ ọmọ ìran tuntun, kí ẹ sinmi.

Ibi tí olórí méjì ti wúlò ni àyè. Prósẹ́sọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìdílé E5-2600 ló ní ojú ọ̀nà PCIe (èyí tí káàdì fi ń bá prósẹ́sọ̀ sọ̀rọ̀) 40 tirẹ̀ àti àwọn ihò RAM tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ to ẹ̀rọ àfojúrò (virtual machine, kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà) mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá sínú àpótí kan, tó fẹ́ RAM tó pọ̀, tó fẹ́ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti káàdì dísíìkì lẹ́ẹ̀kan náà, yóò jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ẹ rí wọn bí ìyálé àti ìyàwó nínú agbo ilé kan. Olúkúlùkù ló ní ìdáná tirẹ̀ àti ìkòkò tirẹ̀. Tí ìyàwó bá nílò iyọ̀ tó wà lọ́dọ̀ ìyálé, yóò rí i gbà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ la àgbàlá kọjá. QPI ni àgbàlá yẹn. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ kan ṣoṣo tó tóbi, tó ń lo RAM apá méjèèjì, fi lè lọ́ra lórí olórí méjì ju bí ẹ ṣe rò lọ, tí iṣẹ́ kéékèèké púpọ̀ tí kálukú dúró síbi ìdáná tirẹ̀ á sì máa sáré.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn níbẹ̀: ẹ lè ra bọ́ọ̀dù olórí méjì, kí ẹ fi prósẹ́sọ̀ kan bẹ̀rẹ̀, kí ẹ ra ìkejì nígbà tí owó bá dé. Kí ẹ sáà mọ̀ pé ìdajì ihò RAM àti díẹ̀ nínú ihò káàdì á kú títí èkejì á fi jókòó. Ẹnìkan ní Ọ̀fà pè mí lórí fóònù fún odindi wákàtí nítorí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ kò rí. Ihò prósẹ́sọ̀ tí kò tíì rà ló ki káàdì bọ̀.

Ìran wo?

| Ìran Xeon | Ọdún | Sọ́kẹ́ẹ̀tì (ihò prósẹ́sọ̀) | RAM (ìran àti iye ọ̀nà rẹ̀) | Core tó pọ̀ jù |
|---|---|---|---|---|
| X5600 | 2010 | LGA1366 | DDR3, ọ̀nà 3 | 6 |
| E5-2600 | 2012 | LGA2011 | DDR3, ọ̀nà 4 | 8 |
| E5-2600 v2 | 2013 | LGA2011 | DDR3, ọ̀nà 4 | 12 |
| E5-2600 v3 | 2014 | LGA2011-3 | DDR4, ọ̀nà 4 | 18 |
| E5-2600 v4 | 2016 | LGA2011-3 | DDR4, ọ̀nà 4 | 22 |
| Scalable àkọ́kọ́ | 2017 | LGA3647 | DDR4, ọ̀nà 6 | 28 |

X5600, kódà tí wọ́n bá fi ta yín lọ́rẹ, ẹ dúpẹ́, kí ẹ má gbé e. Yàtọ̀ sí iná, kò ní AVX, àkójọ àṣẹ tí prósẹ́sọ̀ fi ń ṣe ìṣirò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. MongoDB, ètò ìpamọ́ dátà, láti ẹ̀dà 5.0 kò ní ṣí lórí rẹ̀, òun nìkan sì kọ́ ló ń bèèrè AVX.

Ìjà gidi wà láàárín v2 àti v4. Ohun tó ń fa ojú sí v2 ni RAM rẹ̀: DDR3 ti sáfà kò lówó lórí mọ́, àwọn ẹlòmíì tilẹ̀ ń fún èèyàn mọ́ bọ́ọ̀dù ni. Bọ́ọ̀dù rẹ̀ náà rọjú. E5-2680 v2 ní core 10, ó ń sáré ní 2.8 GHz, wáàtì 115. Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ ò tó nǹkan, tó fẹ́ fi kọ́ iṣẹ́ Linux (ètò tí ọ̀pọ̀ sáfà fi ń ṣiṣẹ́), tó sì máa ń pa á tó bá fẹ́ lọ sùn, kò ṣàṣìṣe tó bá mú v2.

Àmọ́ ilẹ̀kùn ti ń tì mọ́ v2. Kò ní AVX2, arọ́pò AVX, bẹ́ẹ̀ Red Hat Enterprise Linux 10 tó jáde ní 2025 kò gba prósẹ́sọ̀ tí kò tó ìpele x86-64-v3, níbi tí AVX2 wà. Xeon v3 àti v4 wọlé, v2 dúró síta. Debian, Ubuntu àti Proxmox, tí wọ́n jẹ́ irú Linux míì, ṣì ń gbà á, ìyẹn náà sì jẹ́ òótọ́. Ìṣòro kejì ni pé ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ìgbà v2 kò mọ bí a ti ń fi dísíìkì NVMe (dísíìkì ayára tó ń lo PCIe) tan ẹ̀rọ. Ẹ lè lò ó fún ìpamọ́, ṣùgbọ́n SSD ti SATA (ojú okùn dísíìkì àtijọ́) lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀.

v4 ni mo máa ń yàn fún ẹni tí sáfà rẹ̀ kò ní sùn. Iṣẹ́ ọnà 14 nánómítà ni, ti v2 àti v3 jẹ́ 22, ti àkọ́kọ́ jẹ́ 32; bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré tó ni ẹ̀yà inú prósẹ́sọ̀ ṣe ń kéré tó. Ìyẹn ló fi lè kó core púpọ̀ sínú iná tí kò pọ̀. Nínú wọn, E5-2640 v4 (core 10, 2.4 GHz, wáàtì 90) ló wọ̀ mí lọ́kàn jù fún iṣẹ́ ilé ìwé àti ọ́fíìsì. E5-2680 v4 (core 14, 2.4 GHz, wáàtì 120) wà fún ẹni tí ẹ̀rọ àfojúrò rẹ̀ pọ̀. v3 wà láàárín, bọ́ọ̀dù kan náà ni òun àti v4 ń lò tí BIOS (ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí ẹ̀rọ) bá ti jẹ́ tuntun. Ẹ mú v3 bí owó rẹ̀ bá fi gidi dín sí ti v4, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí ìdí.

Ẹ kíyè sí i: LGA2011 àti LGA2011-3, iye ẹsẹ̀ kan náà ni, wọn ò jọ wọra wọn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "2011 ni gbogbo wọn" kò tíì to ọ̀kan rí.

Nípa L: E5-2650L v4 ní core 14 ní wáàtì 65 péré, 1.7 GHz. Ó dùn ún gbọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé nọ́ńbà wáàtì yẹn ń sọ ti ìgbà tí iṣẹ́ bá gbóná. Nígbà tí sáfà bá jókòó láìṣe nǹkan, tí èyí tó pọ̀ jù nínú sáfà tiwa sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti alẹ́ dé àárọ̀, L àti aláìní-L kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àǹfààní L ni pé ó fi òpin sí iná tí ẹ̀rọ lè fà lójijì, ìyẹn sì dára fún ẹni tí ínfátà rẹ̀ kéré. Fún ẹlòmíì, ẹ̀ ń fi ìyára ra orúkọ ni.

Ní ti Scalable, bọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣì ń gbówó, ọ̀nà RAM mẹ́fà sì túmọ̀ sí igi RAM méjìlá kó tó jẹun yó. EPYC, prósẹ́sọ̀ sáfà ti iléeṣẹ́ AMD, náà wà: EPYC 7551P kan ṣoṣo ní core 32, kò sì nílò èkejì rárá. Ó dára, àmọ́ kì í ṣe ọjà ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Tí ẹ bá sì fẹ́ ra EPYC 7002 sókè ní tòkunbọ̀, ẹ bèèrè bóyá ó ti jókòó lórí bọ́ọ̀dù Dell tàbí Lenovo rí, nítorí ó lè ti dì mọ́ bọ́ọ̀dù irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kó kọ̀ láti tan níbòmíràn.

Iná

Ní April 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso iná mànàmáná ní Nàìjíríà gbé iye iná Band A dé ₦225 fún yúnítì kan. Ó ti yí padà díẹ̀ látìgbà náà, ẹ fi iye tó wà lórí tókìn tí ẹ rà kẹ́yìn rọ́pò rẹ̀. Sáfà tó ń fa wáàtì 250 tọ̀sán-tòru ń jẹ yúnítì 6 lójúmọ́, 180 lóṣù. ₦40,500 nìyẹn. Èyí tó ń fa 150 ń jẹ 108 lóṣù, ₦24,300. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ₦16,200 lóṣooṣù, ₦194,400 lọ́dún. Ẹni tó fi v4 sílẹ̀ torí pé v2 dín díẹ̀ lọ́jà, mítà ń dúró dè é nílé.

Ìyẹn tilẹ̀ jẹ́ ìgbà tí iná bá wà. Tó bá lọ, ẹ ṣírò bátìrì. Bátìrì olómi 12V 200Ah kan jẹ́ 2,400 watt-hour lórí ìwé. Kò yẹ kí ẹ fà á kọjá ìdajì bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, ó ku 1,200. Ínfátà fúnra rẹ̀ á bù nínú rẹ̀, ó ku bíi 1,000. Sáfà oníwáàtì 250 á fi í lo wákàtí 4. Oníwáàtì 150 á lo wákàtí 6 àti ààbọ̀. Ní ibùdó ìdánwò, wákàtí méjì àti ààbọ̀ yẹn ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ọmọ tó parí ìdánwò àti àwọn òbí tó ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà.

Kí ínfátà náà jẹ́ oníṣàn gidi, èyí tí wọ́n ń pè ní pure sine wave. Páwà-páàkì tó dára lóde òní ní active PFC (ẹ̀yà tó ń tún bó ṣe ń fa iná ṣe), ó sì lè kọ iná ayédèrú tí ínfátà olówó pọ́ọ́kú ń ṣe, kó kú ní ìṣẹ́jú àáyá tí iná yí padà. Ẹ má sì so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré "I better pass my neighbour" tààrà. Iná rẹ̀ ń ga, ó ń rẹlẹ̀ bí ẹni ń jó.

Bọ́ọ̀dù: ọ̀nà mẹ́ta

Ibí ni owó wà, ibí náà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí.

Ọ̀nà kan ni pé kí ẹ ra wọkisítéṣọ̀n tòkunbọ̀ lódidi: HP Z620 tàbí Z820 fún v2, Dell Precision T7810 tàbí T7910 fún v3 àti v4. Kéèsì, fáànù, páwà-páàkì, wáyà, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú àpótí kan. Kì í pariwo. Wọ́n máa ń rìn gba ọ̀dọ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní òpópónà Taiwo, tí kò bá sì sí níbẹ̀, ẹ ránṣẹ́ sí Ìkẹjà. Àbùkù rẹ̀ ni pé páwà-páàkì àti bọ́ọ̀dù rẹ̀ jẹ́ ti iléeṣẹ́ náà nìkan. Lọ́jọ́ tí páàkì bá jó, èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ kò ní wọ̀ ọ́.

Tó bá jẹ́ HP Z620 tàbí Z820 lẹ fẹ́ rà, ẹ má san kọ́bọ̀ kí ẹ tó tan án, kí ẹ wọ BIOS, kí ẹ wo ọjọ́ Boot Block. Tó bá jẹ́ ti 2011, v1 (E5-2600 tí kò ní v lẹ́yìn) nìkan ló lè gbé, bó ti wù kí ẹ tún BIOS rẹ̀ ṣe tó. Ti 2013 ló ń gba v2. Lára Z620, prósẹ́sọ̀ kejì ń jókòó lórí bọ́ọ̀dù kékeré tirẹ̀ tó ń wọ inú kéèsì lótọ̀, òun àti fáànù rẹ̀ àti ihò RAM rẹ̀. Àwọn olùtajà ti máa ń yọ ọ́ tà lọ́tọ̀. Ẹ ṣí ìbòrí, kí ẹ fojú yín rí i.

Ọ̀nà kejì ni bọ́ọ̀dù sáfà tòkunbọ̀: Supermicro X9DRi-F tàbí Intel S2600CP fún v2, Supermicro X10DRi fún v3 àti v4. Òun ni mo fẹ́ràn, ìdí kan ṣoṣo sì ni: IPMI. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà lórí bọ́ọ̀dù náà tí kì í sùn níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà nídìí rẹ̀. Mo ti jókòó síbi ìgbéyàwó ẹbí ní Òmù-Àrán, tí mo tan sáfà tó wà ní Ilorin láti orí láptọ̀ọ̀pù, tí mo wọ BIOS rẹ̀, tí mo tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ dé. Ẹni tí sáfà rẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀ lè má nílò èyí. Ẹni tó ń wa ọ̀kadà lọ ibi tí sáfà wà torí àtitẹ bọ́tìnì kan mọ iye tó tó. Ẹ ṣáà yí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ padà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí gbogbo ayé ló mọ̀ pé ADMIN ni orúkọ àti aṣínà tí àwọn Supermicro àtijọ́ ń bá wá, ẹ má sì jẹ́ kó kojú íntánẹ́ẹ̀tì láé.

Ọ̀nà kẹta ni bọ́ọ̀dù tuntun láti Ṣáínà, èyí tí wọ́n ń pè ní X99 olórí méjì. Ó ní ihò NVMe, ó sì rọjú. Kò ní IPMI, BIOS tuntun kì í sábà wá fún un, tó bá sì ní ìṣòro kan, àárín àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lẹ ti máa wá ìdáhùn. Fún eré gẹ́ẹ̀mù àti ẹ̀kọ́, kò burú. Èmi ò ní fi ìdánwò ọmọ ọlọ́mọ sórí rẹ̀.

Ẹ̀yà kẹrin wà, ìyẹn sáfà pẹlẹbẹ inú ráàkì bíi Dell R720 tàbí HP DL380. Ó rọjú jù gbogbo wọn lọ, ó sì lágbára. Àmọ́ fáànù rẹ̀! Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé yàrá kan, ẹ má gbìyànjú rẹ̀.

RAM

Sáfà ń lo RDIMM, kọ̀ǹpútà ilé ń lo UDIMM. Wọn kì í gbé pọ̀ lórí bọ́ọ̀dù kan. LRDIMM jẹ́ ẹ̀yà kẹta, òun náà kì í bá RDIMM dàpọ̀. Lẹ́tà orí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ igi RAM ló ń sọ ọ́. PC3-12800R jẹ́ RDIMM ti DDR3. Lára DDR4, ẹ ó rí ohun bíi PC4-2400T-R. R yẹn lẹ̀ ń wá. Tó bá jẹ́ U, ti ilé ni. Tó bá jẹ́ E, ti ilé tó ní ECC (tó ń tún àṣìṣe inú RAM ṣe fúnra rẹ̀). Tó bá jẹ́ L, LRDIMM.

Prósẹ́sọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà mẹ́rin. Igi mẹ́jọ ti 8GB, mẹ́rin fún ìyálé, mẹ́rin fún ìyàwó, ń sáré ju igi méjì ti 32GB lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ 64GB ni méjèèjì. Tí ihò bọ́ọ̀dù yín bá jẹ́ mẹ́jọ péré, ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó fi 8GB dí gbogbo rẹ̀. Tó bá jẹ́ mẹ́rìndínlógún, ẹ máa ra 8GB yín lọ.

Ìyókù

Híítìsíǹkì (irin tó ń fa ooru kúrò lára prósẹ́sọ̀): irú ìdè méjì ló wà lórí LGA2011. Oníhò onígun mẹ́rin dọ́gba jẹ́ mílímítà 80 sí 80, tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ 56 sí 94. Ẹ fi rúlà wọn ihò orí bọ́ọ̀dù kí ẹ tó ra. Òdà ìtutù, bíi hóró ẹ̀wà kékeré kan láàárín ti tó, ẹ má fi í kun prósẹ́sọ̀ bí ẹni fi bọ́tà sí búrẹ́dì.

Páwà-páàkì: bọ́ọ̀dù olórí méjì ń fẹ́ okùn CPU onírin mẹ́jọ méjì. Ọ̀pọ̀ páàkì olówó pọ́ọ́kú ní ẹyọ kan. Okùn onírin mẹ́jọ ti káàdì àwòrán wà níbẹ̀, ó jọ ọ́, àmọ́ rere àti òdì rẹ̀ wà ní òdìkejì ara wọn. Ẹni tó bá fi ipá tì í wọlé, èéfín lá fi mọ̀. Wáàtì 550 sí 650 láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ní orúkọ tó.

Kéèsì: ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù wọ̀nyí jẹ́ ínǹṣì 12 sí 13, kéèsì lásán kò gbà wọ́n. Ẹ yọ ìdúró idẹ tí kò bá ihò bọ́ọ̀dù mu kúrò, kó má baà kan ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi àṣọ asẹ́ sí ẹnu fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, eruku Ilorin ò mọ sáfà yàtọ̀ sí àga.

Dísíìkì: dísíìkì SAS (irú ti sáfà) tòkunbọ̀ rọjú púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í wọ ojú SATA. Káàdì SAS ló ń gba méjèèjì. LSI 9211-8i jẹ́ àgbà káàdì tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Fún ìdánwò, SSD méjì tó ń ṣe ẹ̀dà ara wọn ni kí ẹ fi tọ́jú ìdáhùn àwọn ọmọ.

Ohun tí a tò fún Àlájì

E5-2640 v4 méjì, 8GB RDIMM mẹ́jọ, bọ́ọ̀dù oní-IPMI tó ń gba v4, SSD méjì, háàdì dísíìkì ńlá kan fún àwòrán kámẹ́rà ìṣọ́ ibùdó náà. Bọ́ọ̀dù náà bá mọ́tò Èkó wá, mo gbà á ní pákì Maraba nínú páálí tí wọ́n ti fi ìwé ìròyìn rọ́ kún inú rẹ̀.

Nígbà tí mo tan án, ó ṣiṣẹ́, àmọ́ RAM tó rí jẹ́ 56GB dípò 64. Mo pààrọ̀ igi RAM sí ihò míì. Ihò yẹn náà ni kò rí nǹkan. Mo pààrọ̀ prósẹ́sọ̀ méjèèjì láàárín ara wọn, ihò kan náà ni. Ẹ̀ṣẹ̀ náà kúrò lọ́rùn RAM, ó kúrò lọ́rùn prósẹ́sọ̀, ó ku sọ́kẹ́ẹ̀tì. Lára irú ẹ̀rọ yìí, bọ́ọ̀dù ló ń gbé ẹsẹ̀, kì í ṣe prósẹ́sọ̀, ẹsẹ̀ náà sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun lọ. Àbúrò mi fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tàn án láti ẹ̀gbẹ́, kí òjìji lè hàn. Nínú ẹgbẹ̀rún méjì ẹsẹ̀ tó ń dán bí oko ìrẹsì, ọ̀kan ṣoṣo ló dọ̀bálẹ̀ sórí èkejì rẹ̀, nítòsí igun. Mo mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ, mo dá mímí dúró, mo fi ẹnu abẹ́rẹ́ gbé e díẹ̀, mo wò ó, mo tún gbé e díẹ̀. Ó gbà mí tó ogún ìṣẹ́jú. Mo dá prósẹ́sọ̀ padà, mo tan án: 64GB.

Látìgbà náà ni mo ti ń bẹ gbogbo ẹni tó ń tajà fún mi pé kí wọ́n fi ìbòrí ike bo sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n ya fọ́tò ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kí n tó sanwó. Fọ́tò tó wá láti òkè kò fi nǹkan hàn.

Mítà kékeré tí mo fi ń wọn iná lára ògiri ka wáàtì 104 nígbà tó jókòó. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ọgọ́ta ń ṣe ìdánwò àwòkọ́ṣe lórí rẹ̀ pa pọ̀, ó gòkè dé 171, ó tún sọ̀kalẹ̀. Àlájì dúró tì mí, ó ń wo nọ́ńbà yẹn bí ẹni ń wo mítà epo. Ó ní, "Ẹnjiníà, èyí tí mo rà lákọ̀ọ́kọ́ ńkọ́?"

Wọ́n ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, E5-1650 v2 méjì, core 6 kọ̀ọ̀kan, 3.5 GHz, nínú fóòmù wọn. Ẹni tó bá ní bọ́ọ̀dù LGA2011 olórí kan tó ń lo DDR3, Àlájì ní òun ò ní gba owó gọbọi lọ́wọ́ rẹ̀.